Ṣé o mọ̀? Mọ́tò kan, iṣẹ́ márùn-ún

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo lè la igi, kó lu ihò sí i, kó sì tún fi sáńpépà dán an? Hans Goldschmidt, ọmọ Jámánì tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, ló ṣe ẹ̀rọ yìí, tí wọ́n ń pè ní Shopsmith, fún ẹni tó fẹ́ máa ṣiṣẹ́ káfíńtà nílé ṣùgbọ́n tí àyè há fún. Ọdún 1947 ló dé ọjà.

Mọ́tò kan ló ń gbé gbogbo rẹ̀. So ayùn roboto mọ́ ọn, ó di ayùn orí tábìlì. Yọ ayùn, fi àwo sáńpépà sí i. Bí o bá fi igi há a láàárín, yóò máa yí igi náà bírí, ìwọ yóò sì fi ṣísẹ́lì gbẹ́ ẹ di ẹsẹ̀ àga. Ó ń lu ihò láti ẹ̀gbẹ́. Gbé e nàró, ó ń lù ú láti òkè.

Ti Mark V, àbúrò rẹ̀ tó dé láàárín àwọn ọdún 1950, tún yàtọ̀: bọ́tìnnì kan ni wọ́n ń yí láti mú un sáré tàbí kó rọra. Àmọ́ mọ́tò gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ kí o tó yí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ o lè bà á jẹ́.

Ó níyì, ṣùgbọ́n ó gba sùúrù. Bí o bá fẹ́ gé igi ní ìdagun, tábìlì lo máa dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe ayùn. Ẹni tó bá sì ti gbé e nàró láti luhò, tó wá rántí pé igi kan ṣẹ́kù tí òun kò tíì là, àfi kó tún un tò.