GÉ, JÁ, YA: Ọ̀RỌ̀-ÌṢE YORÙBÁ NÍNÚ ÌṢIRÒ AGBÁRA BÓÒTÙ

Èrò àwọn kan ni pé èdè Yorùbá kò lè gbé ìmọ̀ ẹ̀rọ. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó fi ìṣirò agbára bóòtù tí a fi ń so irin ilé àti ti afárá pọ̀ yẹ èrò náà wò.

Ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni ìsopọ̀ irin ń gbà bàjẹ́. Bí àwo irin méjì bá ń yọ̀ lórí ara wọn lọ́nà òdìkejì, wọn a gé bóòtù bí àlùmọ́gàjí ṣe ń gé aṣọ. Bí ẹrù bá ń fa bóòtù lórí àti nídìí, á já bí okùn. Nígbà mìíràn bóòtù á yè, ṣùgbọ́n ihò inú àwo á ya bí ihò bọ́tìnnì lára ẹ̀wù. Ẹ ṣàkíyèsí gírámà wọn: bóòtù ni àbọ̀ fún ‘gé’, òun ni olùwà fún ‘já’, ihò àwo sì ni olùwà fún ‘ya’. Ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀ ti sọ ibi tí àléébù wà. Bí a bá fi mọ́fíìmù ‘àì-’ kún wọn, a rí àìgé, àìjá àti àìya.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò agbára àìgé. Bóòtù M20 tí a kọ 8.8 sí lórí lè gba newton 800 lórí mm² kan kí ó tó já. 8 àkọ́kọ́ ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Níbi tí a gbẹ́ ìlà yípo sí fún nọ́ọ̀tì, irin rẹ̀ jẹ́ 245 mm². Gẹ́gẹ́ bí ìlànà Eurocode 3 ti ilẹ̀ Yúróòpù, a ó sọ 0.6, 800 àti 245 di púpọ̀, a ó sì fi 1.25, tí í ṣe ìwọ̀n ìṣọ́ra, pín èsì rẹ̀. Newton 94,080 ni a ó rí fún ojú ìgé kan, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 9.6. Lẹ́yìn èyí ni a ó ṣírò àìya. Èyí tí ó bá kéré nínú méjèèjì ni a ó gbà.

Bí a bá kọ 4.6 sí bóòtù M20 mìíràn, 400 ni yóò rọ́pò 800, èsì yóò sì di 47,040, ìdajì péré. Ní Coal Camp ní ìlú Enugu, àdúgbò ọjà èlò ọkọ̀ tí orúkọ rẹ̀ ti ara èédú wá, ẹni tí ń ra bóòtù lè bá irú méjèèjì pàdé. Ìbú wọn dọ́gba, nọ́ọ̀tì kan náà ni ó wọ̀ wọ́n. Ẹni tí ó bá fi èkejì dípò èkíní ti gé agbára ìsopọ̀ náà sí méjì, ojú kò sì ní rí i títí ẹrù yóò fi dé.

Ní ìkádìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ni Yorùbá ṣe aláìní. Iṣẹ́ tí ó kù fún àwa olùkọ́ èdè ni pé kí a fi àìgé, àìjá àti àìya lé ọmọ iṣẹ́ tí ń di bóòtù lọ́wọ́, kí ó lè mọ ohun tí nọ́ńbà orí rẹ̀ ń wí.