Ọmọ Wa Ń Jiyàn Nínú Kíláàsì Orí Íntánẹ́ẹ̀tì: Kí Ni Kí Òbí Ṣe?

Ọ̀pọ̀ òbí ni ó ń ṣàníyàn lórí ọ̀rọ̀ kan lóde òní. Wọ́n á ní ọmọ àwọn tí ó wà ní yunifásítì a máa jókòó ti fóònù di òru. Kì í ṣe fíìmù ni ó ń wò, kì í ṣe ọ̀rẹ́ ni ó ń bá ṣàwàdà. Ńṣe ni ó ń bá àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ìjọba àti ọ̀rọ̀ owó. Bí wọ́n bá bi í, á ní iṣẹ́ kíláàsì ni. Òótọ́ ha ni bí? Ǹjẹ́ irú ẹ̀kọ́ yìí kò ní sọ ọmọ ẹni di aláfojúdi?

Òótọ́ Ni, Iṣẹ́ Kíláàsì Ni

Kì í ṣe nǹkan tuntun pé kí ènìyàn kàwé láìjókòó síwájú olùkọ́. Ìjọba dá yunifásítì tí a ń pè ní NOUN sílẹ̀ ní 1983, ìjọba ológun tì í pa ní 1984, a sì tún ṣí i ní 2002. Níbẹ̀ ni Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ààrẹ wa tẹ́lẹ̀ rí, ti gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìsìn Kristẹni ní 2018, nígbà tí ó ti pé ẹni ọgọ́rin ọdún. Nígbà tí àrùn kòrónà sì ti ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ gbogbo ní 2020, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ mìíràn, pàápàá ti aládàáni, bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Olùkọ́ á gbé ọ̀rọ̀ kan tí ó ń lọ lọ́wọ́ nínú ìlú kalẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan á kọ èrò tirẹ̀, á fi ẹ̀rí tì í lẹ́yìn, á ka ti àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, á sì fèsì fún méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Máàkì wà fún un. Ọ̀kan nínú àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí ilé ẹ̀kọ́ ń lò fún un ni Moodle, tí Martin Dougiamas, ará Ọsirélíà, gbé jáde ní 2002. Olùkọ́ lè tò ó débi pé akẹ́kọ̀ọ́ kò ní rí èsì ẹnikẹ́ni àfi bí òun náà bá ti kọ tirẹ̀, kí ọ̀lẹ má baà jí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ kọ. Bí ó bá sì ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ìṣẹ́jú 30 ni ètò náà máa ń fún un láti tún un ṣe, àyàfi bí ilé ẹ̀kọ́ bá yí i padà. Lẹ́yìn èyí, ẹyin ti bọ́ sílẹ̀, kò ṣeé kó mọ́.

Àpẹẹrẹ Kan: Ẹ̀yáwó Akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan tí ó kan gbogbo ilé. Ká ní olùkọ́ béèrè pé: ṣé ó dára kí ìjọba máa yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó?

Ọmọ kan lè dìde pé ẹ̀tàn ni, pé ọmọ aláìní kò lè rí onígbọ̀wọ́ tí wọ́n ń béèrè. Ìyẹn jẹ́ òótọ́ nígbà kan. Òfin tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 2023 béèrè onígbọ̀wọ́ méjì, ó sì ní kí owó tí ń wọlé fún ìdílé má tó N500,000 lọ́dún. Ṣùgbọ́n òfin mìíràn tí ó fọwọ́ sí ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin 2024 ti mú méjèèjì kúrò. Ọmọ náà kì í ṣe aláìgbọ́n. Kò wádìí dé òpin ni.

Ọmọ kejì lè sọ pé owó ọ̀fẹ́ ni. Lóòótọ́ kò ní èlé, ṣùgbọ́n gbèsè ni. Nígbà tí ó bá pé ọdún méjì tí ènìyàn ti parí iṣẹ́ agùnbánirọ̀, tí ó sì ti ríṣẹ́, wọ́n á máa yọ ìdá mẹ́wàá owó oṣù rẹ̀. Ọmọ kẹta tí ó wá ìtàn lọ á rán wọn létí pé ìjọba ológun ti gbé irú ẹ̀yáwó yìí kalẹ̀ ní 1972, tí ọ̀pọ̀ tí ó gbà á kò sì dá a padà.

Ọmọ mẹ́ta, èrò mẹ́ta, ẹnikẹ́ni kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ẹ ò rí i pé ọmọ tí ó ti la irú iyàn bẹ́ẹ̀ kọjá yóò mọ ohun tí ó ń ṣe lọ́jọ́ tí ó bá fẹ́ tọwọ́ bọ ìwé gbèsè?

Bí Wọ́n Bá Ní Kí Ó Gbèjà Ohun Tí Kò Fara Mọ́ Ńkọ́?

Èyí ni ó ń ba òbí lẹ́rù jù. Olùkọ́ lè pín kíláàsì sí ọ̀nà méjì, kí ó ní kí ọmọ wa dúró fún ìhà tí kò fara mọ́. Irọ́ ha kọ́ nìyẹn? Rárá o. Gbogbo kíláàsì ni ó mọ̀ pé iṣẹ́ ni a yàn fún un. Àwọn baba wa sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìwé Òwe orí kejìdínlógún náà kìlọ̀ fún ẹni tí ń dáhùn kí ó tó gbọ́. Ẹni tí kò lè sọ ọ̀rọ̀ alátakò rẹ̀ débi tí onítọ̀hún yóò fi wí pé, "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo wí," kò tíì gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ náà bá kan ẹ̀rí ọkàn ọmọ, kí ó kọ̀wé sí olùkọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ó sì bẹ̀bẹ̀ fún ìbéèrè mìíràn.

Ewu Tí Ó Wà Níbẹ̀

Èkíní ni èébú. A kì í rí ojú ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ahọ́n a sì máa yára mú. Gbogbo wa rí bí èébú ẹ̀yà ṣe gba ojú fóònù kan nígbà ìdìbò 2023.

Èkejì ni irọ́. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015, tí a tún ṣe ní 2024, ní ìyà fún ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ gbé irọ́ jáde láti da ìlú rú. Kíláàsì kì í ṣe ibi ìsápamọ́sí.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rọ tí ń báni kọ̀wé, irú ChatGPT tí ó jáde ní oṣù Kọkànlá 2022. Ó lè hun irọ́ bí ẹni hun òtítọ́, títí kan orúkọ ìwé tí ẹnikẹ́ni kò kọ rí. Ọmọ tí ó bá fi í jiyàn kò kọ́ nǹkan kan.

Kí Ni Kí Òbí Ṣe?

Ẹ má ṣe gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ kí ẹ tó rí iṣẹ́ náà. Ẹ ní kí ó fi ìbéèrè olùkọ́ àti ohun tí òun kọ hàn yín. Ẹ ya owó dátà ẹ̀kọ́ sọ́tọ̀, nítorí láti oṣù kìíní 2025 tí ìjọba ti gba àwọn ilé iṣẹ́ fóònù láyè láti fi tó ìdajì kún owó wọn, dátà kò rọrùn mọ́. Ó dára pé ọ̀rọ̀ kíkọ kì í jẹ dátà bíi fídíò.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ bá yín jiyàn nílé. Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Kí ni ẹ̀rí rẹ? Kí ni ẹnìkejì ń wí? Ṣé o lè sọ èyí lójú rẹ̀? Kì í ṣe gbogbo "èrò tèmi yàtọ̀" ni àfojúdi. Àṣà wa pàápàá ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọdé: á ní "Tótó, ṣe bí òwe o," àgbà á sì dáhùn pé, "Wàá rí òmíràn pa." Ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ sì jáde.

Ẹ̀yin òbí, ọmọ tí a kò gbà láyè láti béèrè ọ̀rọ̀ nílé yóò gbé ìbéèrè rẹ̀ lọ bá àjèjì, ohun tí àjèjì bá sì wí ni yóò di òtítọ́ rẹ̀. Àpọ́sítélì Pétérù ní kí a múra tán láti dáhùn, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìwà tútù. Ìmúrasílẹ̀ yẹn, ilé ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí Olúwa fún àwa àti àwọn ọmọ wa ní etí tí ń gbọ́ àti ahọ́n tí ó tutù.