Ìgbà wo ni iléeṣẹ́ ti ń sọ pé ‘kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ló ti kó o’?

Ọmọkùnrin kan ti ọmọlanke kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà ní Ìbàfò, gbohùngbohùn tó so mọ́ irin rẹ̀ ń ké ‘kọ́ńdẹ́ẹ̀mù bátìrì’ láìsinmi. Bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó sórí táyà wò ó títí ó fi yà sí kọ̀rọ̀.

“Ibi tí wọ́n ti ń yọ́ òjé inú ẹ̀ ni wàhálà wà,” bàbá ní. “Ẹni tó bá ṣàìsàn níbẹ̀, iléeṣẹ́ á ní kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn ló ti kó o. Ayé òyìnbó ò rí bẹ́ẹ̀.”

Fọkanáísà ò gbà. “Bàbá, ẹ má bínú o, òyìnbó gan-an ló dá a sílẹ̀.”

Inú bí bàbá. Iléeṣẹ́ kan n'Ìkẹjà ló ti fẹ̀yìn tì, ó sì ń fi ìka ka ohun tí wọ́n ń fún wọn nígbà náà: bàtà, yunifọ́ọ̀mù, agolo mílíìkì kan lójúmọ́ láti fi ti eruku wálẹ̀ lọ́nà ọ̀fun. (Mílíìkì kì í fọ eruku kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́ lójú àgbà?)

Ìtàn gbè fún fọkanáísà. Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Nellie Kershaw, ará Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ń rànwú asbestos ní iléeṣẹ́ Turner Brothers, asbestos kan náà tí wọ́n ń pò mọ́ sìmẹ́ǹtì fi ṣe síìlìn àti òrùlé ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́. Nígbà tó fi di 1922, kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Dókítà kọ ọ́ sínú ìwé pé májèlé asbestos ló wà lára rẹ̀, ìwé yẹn ló sì kó o sí ìyọnu. Ẹgbẹ́ tó ń san owó fún aláìsàn ka ìwé náà tán, wọ́n ní àìsàn tó bá ti ibi iṣẹ́ wá kì í ṣe tàwọn, kó lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Ó kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀. Iléeṣẹ́ ní asbestos kì í ṣe májèlé, àti pé irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ò sí nínú èyí tí òfin kà sílẹ̀. Ọ̀hún lé e, ìhín lé e. Ó kú ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 1924, ọmọ ọdún 33. Iléeṣẹ́ ò dá owó ìsìnkú fún un pẹ̀lú. Wọn ò fẹ́ kó dà bí ẹni pé wọ́n jẹ̀bi. Wọ́n sin ín láì fi òkúta sórí sàréè rẹ̀.

Dókítà William Cooke yẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ wò, ó sì gbé ohun tó rí jáde lọ́dún náà. Òfin tẹ̀lé e ní Gẹ̀ẹ́sì ní 1931, ti owó gbà-máà-bínú òṣìṣẹ́ dé Nàìjíríà ní 1941, ti 2010 sì sọ pé kí agbanisíṣẹ́ máa san náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́ sí àpò NSITF, àjọ ìjọba tó ń san owó gbà-máà-bínú náà.

Tẹlifíṣọ̀n ló dójú ti àwọn iléeṣẹ́ asbestos. Ní 1982 wọ́n fi Alice Jefferson hàn, obìnrin ọmọ ọdún 47 tí asbestos iléeṣẹ́ Cape ń pa lọ. Aráàlú fárígá, ìpín Turner & Newall, tó ni Turner Brothers, já wálẹ̀ lọ́jà. Ẹjọ́ ń gorí ẹjọ́ títí di 2001, tí iléeṣẹ́ náà ò lè dá dúró mọ́.

Ọ̀rọ̀ òjé náà ti dé ilé ẹjọ́. Ní Mombasa lórílẹ̀-èdè Kenya, Phyllis Omido ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì iléeṣẹ́ tó ń yọ́ òjé nígbà tí òjé wọ ara ọmọ rẹ̀. Ó kó aráàlú jọ, wọ́n pẹjọ́. Ní 2020 ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n gba bílíọ̀nù 1.3 owó ṣílè Kenya. Ògijo, nítòsí Ṣágámù, ni wọ́n ti ń yọ́ tiwa. Ní oṣù kọkànlá 2025, New York Times àti The Examination ròyìn pé àwọn yẹ ẹ̀jẹ̀ èèyàn 70 wò, òjé sì ti pọ̀ jù lára méje nínú mẹ́wàá.

Ìgbà ti bàbá, orúkọ òṣìṣẹ́ máa ń wà nínú ìwé. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ iléeṣẹ́ lójú ọ̀nà Mowe sọ fún mi pé kọntirátọ̀ ló ń san owó òun lójoojúmọ́. Mo bi í bóyá wọ́n ń san NSITF fún un. Ó ní ṣé àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù nìyẹn ni.