Ajá Ilé àti Àwọn Ọmọ Wẹ́wẹ́

 

Nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò bá bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin, ẹ ó ṣàkíyèsí pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ a máa kún. Bí òjò bá ti ṣú, àwọn ọmọ a sá wọlé, ajá náà a sì sá tẹ̀lé wọn. Èyí tí ó kéré jù yóò rọ̀ mọ́ Bíńgò lọ́rùn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò fà á ní ìrù, Bíńgò pẹ̀lú yóò máa lá wọn lójú. Àwa àgbà a máa wò wọ́n, a ó sì máa rẹ́rìn-ín. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ajá kì í ṣe àlejò láàárín wa. Ọdẹ ń sin ajá, àgbẹ̀ ń sin ajá, àwọn baba wa tilẹ̀ máa ń sọ ajá ní orúkọ tí ó jẹ́ òwe sí aládùúgbò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a jọ sọ, kí eré má baà di ẹkún.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi, kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo rí i tí ó ń tiro, tí ó fi àkísà wé ojúgun rẹ̀. Mo bi í pé kí ló ṣe é. Ó ní òun ṣubú ni. Mo tú àkísà náà, ojú eyín ni mo bá níbẹ̀. Nígbà tí mo rọra tún bi í, ẹkún bọ́ lójú rẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, tíṣà, ẹ má sọ fún bàbá mi. Wọ́n ti ní n kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ ajá yẹn. Wọn yóò nà mí." Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni ajá ti bù ú jẹ. Fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ọmọ yìí fi gbé ohun tí ó lè pa á mọ́ra nítorí ẹgba. A fọ ọgbẹ́ náà, a ránṣẹ́ pe baba rẹ̀, a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, níbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí gba abẹ́rẹ́. Ọmọ náà wà láàyè dòní. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ìbẹ̀rù pàṣán lè pa ọmọ ju eyín ajá lọ.

Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni dìgbòlugi. Kí ni ń fa àrùn yìí? Kì í ṣe oòrùn, kì í ṣe ebi, kì í sì í ṣe èpè. Kòkòrò àrùn kan ni, tí ojú lásán kò lè rí. Inú itọ́ ẹranko tí ó ní àrùn náà ni ó wà. Bí irú ajá bẹ́ẹ̀ bá bu ènìyàn jẹ, tàbí tí ó fi èékánná ha á, tàbí tí ó lá ojú ọgbẹ́, kòkòrò náà lè wọlé. Yóò gba inú iṣan tí ó so ara pọ̀ mọ́ ọpọlọ, yóò sì máa lọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé ọpọlọ. Ìrìn rẹ̀ kì í sábà yá. Ó lè tó oṣù méjì tàbí mẹ́ta kí àìsàn tó hàn. Ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan, ó sì lè tó ọdún kan. Inú àkókò yìí ni ìgbàlà wà. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣáájú kòkòrò náà, ara yóò ti múra ogun dè é. Ṣùgbọ́n bí àìsàn bá ti hàn, tí omi kò ṣe é gbé mì mọ́, tí ẹ̀rù omi sì ń ba aláìsàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí í yè é.

Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni dìgbòlugi ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé. Nínú 100 tí ó ń kú, nǹkan bí 40 ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Èéṣe tí ó fi jẹ́ àwọn ọmọ? Nítorí pé àwọn ni wọ́n ń bá ajá ṣeré jù. Ọmọ kékeré kúrú pẹ̀lú: orí àti ojú rẹ̀ kò jìnnà sí ẹnu ajá, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà láti ojú dé ọpọlọ kò sì gùn. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ọmọ a máa fi ọ̀ràn pamọ́.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1885. Ajá dìgbòlugi bu ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan, Joseph Meister, jẹ ní ibi púpọ̀. Ìyá rẹ̀ kò fi falẹ̀. Ó gbé e lọ sí ìlú Paris lọ́dọ̀ Louis Pasteur, ẹni tí ó ń ṣe ìwádìí àrùn náà. Ní ọjọ́ 6 oṣù keje, ọjọ́ kejì lẹ́yìn tí ajá bù ú jẹ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fún un ní abẹ́rẹ́. Ọmọ náà yè, ó dàgbà, ó sì di aṣọ́lé ní ilé ìwádìí tí a fi orúkọ Pasteur pè. Ẹ kíyè sí i pé ìyá yẹn mọ̀ pé ajá bu ọmọ òun jẹ. Bí kò bá mọ̀ ńkọ́?

Nítorí náà, bí ajá bá bu ọmọ jẹ, ì báà jẹ́ ajá ilé, ì báà jẹ́ ajá ìta, ohun tí ẹ ó ṣe nìyí. Lójú ẹsẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ wo aago, nítorí ìṣẹ́jú 15 pẹ́ ju bí a ti ń rò lọ. Ọṣẹ a máa ba kòkòrò náà jẹ́. Ẹ má fi epo pupa, ata tàbí ewé gígún sí i. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Abẹ́rẹ́ náà kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹ rí i pé ọmọ gbà á tán ní ọjọ́ tí dókítà bá dá. Bí ó bá tilẹ̀ ti pẹ́ kí ẹ tó mọ̀, ẹ má sọ pé ó ti bọ́. Ẹ lọ.

Àwọn kan a sọ pé kí a pa ajá náà, kí a sì fún ọmọ ní ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ. Ẹ má ṣe é. Kò wo ẹnikẹ́ni sàn rí. Bí ajá náà bá ṣe é mú láìséwu, ẹ so ó mọ́lẹ̀ kí dókítà ẹran lè máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n kí ọmọ má dúró de ọjọ́ mẹ́wàá kí ó tó gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀.

Ó sàn kí a dènà rẹ̀. Bí ọmọ ajá bá ti pé oṣù mẹ́ta, ẹ mú un lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́dọ̀ dókítà ẹran, kí ẹ sì máa tún un gbà ní ìgbà tí ó bá dá fún yín. Ẹ má jẹ́ kí ó máa rìn kiri ìgboro. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ pé ajá kì í sọ̀rọ̀, ara ni ó fi ń sọ ọ́. Kí wọ́n má fọwọ́ kàn án nígbà tí ó bá ń jẹun, tí ó bá ń sùn, tàbí tí ó bá ń fún ọmọ lọ́mú. Bí ó bá ń kùn, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Bí ajá àjèjì bá ń bọ̀, kí ọmọ má sáré. Kí ó dúró bí igi, kí ó má wò ó lójú. Bí ó bá gbé e ṣubú, kí ó ká ara rẹ̀ kò, kí ó fi ọwọ́ bo ojú àti ọrùn, bí ìgbín ti í wọ inú ìkarahun.

Èyí tí mo fi parí ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe lálẹ́ òní. Ẹ pe àwọn ọmọ yín jọ. Ẹ sọ fún wọn pé, "Bí ajá bá bù yín jẹ, tàbí tí ó ha yín lára, ẹ wá sọ fún mi. N kò ní nà yín, n kò ní bú yín." Bí ó bá sì di ọjọ́ kan tí ọmọ wá sọ ọ́, ẹ mú ìlérí yín ṣẹ, ì báà jẹ́ pé ó ṣàìgbọràn kí ó tó rí bẹ́ẹ̀. Ìbáwí kò ní ṣá lọ. Ọgbẹ́ ni kò ṣe é fi falẹ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí, ṣùgbọ́n àwa kò lè ṣọ́ ohun tí ọmọ bá fi pamọ́ fún wa.

Ó dìgbóṣe o.