Rọ́bà Epo àti Rọ́bà Ọ́ìlì: Èwo Ni Kí Á Rà Sára Ẹ̀rọ Wa?

Púpọ̀ nínú owó tí ẹ ń yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ẹ̀rọ ni ẹ fi ń rà: ẹ̀rọ ata, ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́, jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù, alùpùpù. Ohun tí a fẹ́ sọ lóṣù yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ó lè sun ṣọ́ọ̀bù odidi. Rọ́bà tí ń gbé epo bẹtiróòlù láti táǹkì lọ sí kábúrétọ̀ ni.

Ooru ẹ́ńjìnnì, oòrùn àti epo fúnra rẹ̀ ni ó ń ba rọ́bà yìí jẹ́. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí ó ń là wẹ́wẹ́, tí ó le gbagidi, tàbí tí ó wú tí ó sì rọ̀ jù, ó ti gbó nìyẹn. Àwọn kan nínú wa a máa fi tépù dì í. Ẹ gbọ́ o, bẹtiróòlù a máa yọ́ gọ́ọ̀mù ara tépù. Kò ní pẹ́ tí yóò tún fi máa jò. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí owó ìrànwọ́ orí epo ti kúrò, ta ni ó tún ní epo tí yóò máa kán sílẹ̀?

Nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń ta spare parts, ẹ má ṣe ra rọ́bà nítorí pé ó dúdú. Rọ́bà tí ó ti ara igi wá, bẹtiróòlù ń mú un wú ni. Rọ́bà omi, omi ni wọ́n ṣe é fún. Èyí tí epo kì í tètè bà jẹ́ ni wọ́n ń pè ní nitrile. Ẹ wo ara rẹ̀ bí wọ́n bá tẹ SAE 30R7 sí i: ti ẹ̀rọ oníkábúrétọ̀ nìyẹn. Ọkọ̀ tí ń fi agbára tu epo sínú ẹ́ńjìnnì, tí kò ní kábúrétọ̀, 30R9 ni tirẹ̀, kí ẹ má fi èkejì rọ́pò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni lè tẹ nǹkan sára rọ́bà. Nítorí náà, ẹ gé díẹ̀ níbẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú bẹtiróòlù nínú ìgò tí ẹ dé, kí ó jìnnà sí iná, títí di ọjọ́ kejì. Bí ó bá wú gan-an tàbí tí ó rọ̀ bí ẹ̀kọ, ẹ dá a padà fún ẹni tí ó tà á.

Ọ̀rọ̀ rọ́bà tí ó mọ́ gaara ńkọ́? A ti rí ẹni tí ó fi rọ́bà tí wọ́n fi ń fa omi sí aláìsàn lára so jẹnẹrétọ̀. Ó máa ń dùn ún wò, nítorí à ń rí epo tí ń lọ nínú rẹ̀. Tí ó bá ṣe díẹ̀, yóò pọ́n, yóò le, ẹ̀rọ yóò máa gbọ̀n ọ́n títí yóò fi yọ lórí irin gbígbóná. Ẹ má dán an wò rárá. Àwọn rọ́bà gaara kan wà lóòótọ́ tí wọ́n dìídì ṣe fún epo, bí i Tygon aláwọ̀ ìyeyè tí ó wà lára ayùn oníẹ̀rọ.

Ẹ mú ògbólógbòó rọ́bà dání lọ sọ́jà. Ihò inú ni kí ẹ wọ̀n, kì í ṣe ẹ̀yìn. Èyí tí ó bá fẹ̀ jù, kílíìpù kò lè tún un ṣe. Ẹ ra kílíìpù tuntun pẹ̀lú, kí rọ́bà náà má sì kan sálẹ́ńsà, kí ó má ká kọ́kọ́rọ́.

Rọ́bà ọ́ìlì ni àwọn ènìyàn kì í kà sí. Ó wà lára alùpùpù two-stroke tí táǹkì ọ́ìlì rẹ̀ dá dúró, irú Autolube tí Yamaha gbé jáde ní 1964. Bí rọ́bà epo bá ń jò, imú yóò sọ fún wa. Bí ti ọ́ìlì bá ń jò, tàbí tí afẹ́fẹ́ há sínú rẹ̀, ẹ̀rọ yóò ṣì máa ṣiṣẹ́ lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan, títí písítìnnì yóò fi gan pa. Nítorí náà, bí mẹkáníìkì bá pààrọ̀ rẹ̀, ẹ dúró tì í kí ó fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde títí kò fi ní sí ìfófòó mọ́. Àwa a máa gbà yín níyànjú pé kí ẹ po ọ́ìlì díẹ̀ mọ́ epo táǹkì àkọ́kọ́. Jẹnẹrétọ̀ kékeré two-stroke kò ní rọ́bà ọ́ìlì ní tirẹ̀. Àpòpọ̀ ni epo rẹ̀.

Kí ẹ tó tú ohunkóhun, kí ẹ̀rọ tutù, kí ẹ ti tápù epo, kí ẹ sì gbé e síta.

Akápò fẹ́ ra rọ́bà epo ní odidi róòlù kan fún gbogbo wa. Ẹ kọ ìwọ̀n ihò àti iye ẹsẹ̀ bàtà tí ẹ fẹ́ sínú ìwé tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó dé.