Ojú La Fi Ń Wakọ̀

Ẹni tó bá wá kọ́ ọkọ̀ lọ́dọ̀ mi kì í kọ́kọ́ jókòó sídìí sítíárìn. Ẹ̀gbẹ́ mi ló máa jókòó sí, á de bẹ́líìtì, èmi á wa ọkọ̀ láti Bódìjà níbi àwọn onípákó títí dé Ọ̀jọ́ọ̀, òun á sì máa fẹnu sọ gbogbo ohun tójú rẹ̀ bá rí. Kò gbọdọ̀ dákẹ́. Inú máa ń bí àwọn mìíràn. Ọ̀dọ́kùnrin kan sọ fún mi láìpẹ́ yìí pé, "Màmá, ọkọ̀ ni mo wá kọ́ o, n kò wá kọ́ ìròyìn kíkà." Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kó máa kà á lọ.

Kí èèyàn tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kó fi ọkọ̀ sí jíà, kó yí sítíárìn, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ti tó fún ìyẹn. Ọlọ́kọ̀ ọtomátíìkì kò tilẹ̀ nílò tó bẹ́ẹ̀. Ní tèmi o, ohun tó ń kó àwọn awakọ̀ tuntun sínú ewu jù ni ojú tó ń wo iwájú tí kò rí nǹkan kan. Bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé ni mo wà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èèyàn. Nígbà tí ọmọ ọlọ́mọ bá kún ẹ̀yìn ẹni, tí àwọn ìyá wọn sì dúró sẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń retí wọn, tipátipá ni èèyàn á fi kọ́ bí a ṣe ń ronú sí ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí wọ́n ṣe máa ń kà á nìyí: "Mo rí Micra. Mo rí ọ̀kadà. Mo rí ìyá kan." Ó dáa. Micra wo? Kí ló fẹ́ ṣe? Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn mọ̀ pé takisí Micra kì í dágbére kó tó dúró. Àmọ́ ẹ tẹjú mọ́ ọn, ẹ ó rí i. Èrò tó wà lẹ́yìn á tẹ̀ síwájú bá dírẹ́bà sọ̀rọ̀, tàbí kó máa tú báàgì wá owó. Orí dírẹ́bà fúnra rẹ̀ á yí sí ọ̀tún, torí pé ó ti rí ẹnìkan tó nawọ́ létí títì. Ẹ̀yin náà, tí ẹ bá ti rí ẹni tó nawọ́ yẹn, ẹ ti mọ̀ pé ọkọ̀ iwájú yóò tẹ bíréèkì kí iná pupa ẹ̀yìn rẹ̀ tó tàn. Ẹni tó bá ń dúró de iná pupa ti pẹ́ jù.

Ọkọ̀ tí wọ́n páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì náà ní ohun tó ń sọ. Ṣé ẹnìkan wà nínú rẹ̀? Ṣé èéfín ń jáde nídìí rẹ̀? Ṣé táyà iwájú rẹ̀ ti kọjú sí títì? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìlẹ̀kùn lè ṣí gbà, ọkọ̀ náà sì lè yọ sí yín. Tí bọ́ọ̀sì bá dúró tó ń já èrò, ẹ wo abẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí ẹsẹ̀ lódìkejì. Bí ẹsẹ̀ náà bá kéré, ẹ rọra gidigidi, torí ọmọdé tó fẹ́ gba iwájú bọ́ọ̀sì sọdá kò rí yín, ẹ̀yin náà kò sì rí i. Bí bọ́ọ̀lù bá yí bọ́ sójú títì, ibi tó ti wá ni kí ẹ wò. Bí ewúrẹ́ kan bá sáré sọdá, ẹ dúró de èkejì.

Tí a bá ti kúrò nígboro, àmì mìíràn tún wà. Ewé tútù tí wọ́n tò sójú ọ̀nà kì í ṣe ìdọ̀tí. Awakọ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ ló já a síbẹ̀ láti kìlọ̀ pé òun wà níwájú, bóyá lẹ́yìn kọ́nà, bóyá ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Ohun tí òfin ní kó lò ni àmì pupa onígun mẹ́ta tí iná ọkọ̀ máa ń mú dán, èyí tí gbogbo wa ń pè ní C-caution. Kí ẹ ní tiyín nínú búùtù. Àmọ́ kí ẹ mọ ti ewé náà, torí òun ni ẹ ó máa bá pàdé jù. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó fi táyà tẹ ewé kọjá tó tún ń bi mí pé ta ló da igbó sójú títì.

Ọ̀rọ̀ tírélà gba àlàyé díẹ̀. Lójú ọ̀nà tóóró tí ọkọ̀ ti ń pàdé ara wọn, àwọn awakọ̀ tírélà ní àṣà kan. Wọ́n á tan tiráfíkétọ̀ òsì láti sọ fún ẹni ẹ̀yìn pé kó má tíì kọjá, ọkọ̀ ń bọ̀ níwájú. Wọ́n á tan ti ọ̀tún láti sọ pé ọ̀nà ti mọ́, kó máa bọ̀. Inú rere ni wọ́n fi ń ṣe é, n kò sì ní bú wọn. Ṣùgbọ́n tiráfíkétọ̀ òsì yẹn náà ni wọ́n ń tàn tí wọ́n bá fẹ́ yà sí òsì lóòótọ́, ti ọ̀tún náà sì ni wọ́n ń tàn tí wọ́n bá fẹ́ dúró létí títì. Báwo ni ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọkọ̀ ṣe fẹ́ mọ èwo ni èwo? Òfin tí mo fún àwọn tèmi ni pé tiráfíkétọ̀ tírélà lè dá yín dúró, kò gbọdọ̀ rán yín lọ. Ojú ara yín ló máa rán yín lọ. Bí ẹ kò bá rí iwájú dáadáa, tàbí tí ìlà funfun àárín títì bá jẹ́ èyí tí kò gé, ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀, kẹ́ ẹ sì jìnnà sí i. Ẹni tó bá lẹ̀ mọ́ ìdí tírélà kò rí nǹkan kan, tírélà náà kò sì rí i. Ẹ wá dígí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí ojú awakọ̀ nínú dígí yẹn, òun náà kò mọ̀ pé ẹ wà láyé.

Ó tún kù síbẹ̀. Òfin gbà kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sá eré kìlómítà 50 ní wákàtí kan nígboro, 80 lójú ọ̀nà gbogbogbòò, àti 100 ní márosẹ̀. Ti tírélà àti táńkà ni 45, 50 àti 60. Nítorí náà, ní márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, bí ẹ̀yin àti tírélà bá tilẹ̀ ń pa òfin mọ́ pérépéré, mítà 11 ni ẹ̀ ń fi sún mọ́ ọn ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ohun tó dà bíi pé ó wà lọ́hùn-ún ti dé iwájú yín. Ẹni tó ń sáré 100 ń rin nǹkan bíi mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, àkókò tó sì máa ń gba ọ̀pọ̀ nínú wa nìyẹn, ó kéré tán, kí ojú tó rí ewu kí ẹsẹ̀ tó dé orí bíréèkì. Mítà 28 ti lọ, bíréèkì kò tíì mú nǹkan kan. N kò ní sọ ti àwọn tó ń sá eré àsápajúdé.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé àyè tó wà láàárín ẹni àti ọkọ̀ iwájú tó? Ẹ mú òpó kan lójú. Bí ìdí ọkọ̀ iwájú bá ti kọjá òpó náà, ẹ sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Má sún mọ́ mi jọ̀ọ́, má sún mọ́ mi." Ìṣẹ́jú àáyá méjì ni. Bí imú ọkọ̀ yín bá dé òpó kí ẹ tó sọ ọ́ tán, ẹ ti sún mọ́ ọn jù. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Òjò àkọ́rọ̀ ló burú jù nínú gbogbo òjò, torí epo àti eruku tó ti ń kó jọ sójú títì látìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ máa ń di yíyọ̀ bọ̀rọ́. Omi tó bá dá dúró náà, ẹ gbà pé kòtò wà lábẹ́ rẹ̀.

Bí àwọn àmì ojú títì ṣe rí kò ṣòro. Onígun mẹ́ta elétí pupa ń kìlọ̀, róbótó elétí pupa ń kọ̀ fún yín, onígun mẹ́jọ ni ti dúró. Ìwé rẹ̀ wà, ẹ rà á kẹ́ ẹ kà á.

Àwọn kan máa ń rò pé owó ni àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó fẹ́ gbà tí wọ́n fi ṣe òfin. Ìtàn rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ilé-Ifẹ̀ ń pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà náà lọ́hùn-ún, Wọlé Ṣóyínká tó ń kọ́ni níbẹ̀ sì wà lára àwọn tó ní àwọn kò ní máa wò ó níran. Ní ọdún 1977 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sì dá ti gbogbo orílẹ̀-èdè sílẹ̀ ní 1988, Ṣóyínká náà ni alága àkọ́kọ́. Àwọn ọmọ tí wọ́n sin ni wọ́n rí kí wọ́n tó ṣòfin.

Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 la ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún ní Nàìjíríà. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé tí a bá dé ràńdábáọ̀tù, ọkọ̀ tó ti wà nínú rẹ̀, tó ń bọ̀ láti òsì wa, la máa dúró dè. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ń múra àtilọ sí Ìlú Ọba máa ń kérora tí mo bá sọ fún wọn pé òdìkejì ni tibẹ̀. Oṣù 12 péré ni wọ́n lè fi láísẹ́ẹ̀sì wa wakọ̀ lọ́hùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n bá ti di ará ibẹ̀, lẹ́yìn náà ìdánwò dé. Láti ọdún 2002, apá kan ìdánwò yẹn jẹ́ fídíò 14 lórí kọ̀ǹpútà. Ewu 15 ló ń yọjú nínú wọn, a máa tẹ máúsì bí a bá ṣe rí i. Ẹni tó bá tètè rí i gba máàkì 5, ẹni tó bá pẹ́ gba díẹ̀ tàbí òdo, 44 nínú 75 ni wọ́n fi ń yege. Ẹni tó bá kàn ń tẹ̀ ẹ́ léraléra gba òdo lórí fídíò náà. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́, torí ohun tí mò ń fẹnu bi àwọn èèyàn láti Bódìjà sí Ọ̀jọ́ọ̀ gan-an nìyẹn. Àmọ́ n kò rò pé ewé tútù wà nínú fídíò tiwọn.

Nílé wa níbí, òfin ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ti pé ọmọ ọdún 18, kó gba ìwé àṣẹ àwọn tó ń kọ́ ọkọ̀, kó lẹ "L" síwájú àti sẹ́yìn, kí ẹni tó ní láísẹ́ẹ̀sì sì jókòó tì í. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń gba láísẹ́ẹ̀sì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dán wọn wò. Ìwé lásán ni wọ́n rà.

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá bọ́ sídìí sítíárìn, ẹni tó ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹyẹ ẹ̀gà á kàn dákẹ́. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ti gba gbogbo ọkàn rẹ̀. N kì í bínú. A máa dín eré kù títí ẹnu rẹ̀ á fi tún là, torí pé ibi tí ẹnu ti dákẹ́ nígbà yẹn, ojú náà kì í rí nǹkan mọ́. Fóònù wà nínú báàgì, báàgì wà lẹ́yìn.

Alẹ́ ni mo máa ń fi sẹ́yìn pátápátá. Nínú òkùnkùn, iná kan ṣoṣo lè máa bọ̀ níwájú, akẹ́kọ̀ọ́ á ní, "Ọ̀kadà ni, Màmá." Ó lè jẹ́ ọ̀kadà lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ tírélà tí iná òsì rẹ̀ ti kú, bẹ́ẹ̀ apá òsì yẹn ló sún mọ́ wa jù, tí a kò sì rí. Mo máa ń ní kó pè é ní tírélà, kó dẹ eré, kó sì fà sí ọ̀tún títí yóò fi kọjá.