Raw Tàbí JPEG: Èwo Ni Ó Yẹ Kí A Fi Ya Àwòrán Òkè àti Ilẹ̀ Wa?

Nígbà tí àwa ọmọ ẹgbẹ́ ayàwòrán ilé ẹ̀kọ́ yìí gun Òkè Olúmọ ní Abẹ́òkúta láti ya àwòrán fún ìwé ìròyìn àjọ̀dún yìí, oòrùn ọ̀sán ń mú ganrínganrín. Ìkùukùu funfun wà lókè. Nísàlẹ̀, àwọn òrùlé páànù tí ìpáàrà ti sọ di pupa tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé tí a wo àwòrán wa, ọkàn wa bàjẹ́. Ojú ọ̀run ti di funfun báláú, àwọn òrùlé sì ti ṣókùnkùn. Ẹnì kan ṣoṣo nínú wa ni ó rí tirẹ̀ tún ṣe, nítorí pé raw ni ó fi yà á. JPEG ni àwa yòókù lò.

Kí ni ìyàtọ̀ wọn? Fáìlì raw ni àkọsílẹ̀ ìmọ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí kámẹ́rà ti gbà á, kí a tó ṣe àtúnṣe kankan sí i. Ṣùgbọ́n bí a bá yan JPEG, ìlànà tí ó jáde ní ọdún 1992, kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ni yóò pinnu bí àwọ̀ yóò ti rí. Lẹ́yìn náà ni yóò fún àwòrán náà pọ̀ kí ó lè kéré, yóò sì da ìyókù nù. Ìpele ìmọ́lẹ̀ 256 péré ni JPEG ń tọ́jú fún pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù lọ́kọ̀ọ̀kan. Raw oníbíìtì 12 ń tọ́jú 4,096. Oníbíìtì 14 ń tọ́jú 16,384. Nínú àwọn ìpele wọ̀nyí ni ìkùukùu àti òrùlé wa fara pamọ́ sí.

Raw dà bí ẹ̀wà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀: a lè fi dín àkàrà, a sì lè fi ṣe mọ́ín-mọ́ín. JPEG dà bí àkàrà tí a ti dín: a lè gbé e fún àlejò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè di mọ́ín-mọ́ín mọ́.

Síbẹ̀, raw kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ kọjá ohun tí kámẹ́rà lè gbà, raw pàápàá kò lè dá a padà. Fáìlì rẹ̀ tóbi, ó ń tètè kún inú káàdì, a sì nílò kọ̀ǹpútà láti tún un ṣe kí a tó lè tẹ̀ ẹ́ jáde.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa nìyí. Fún eré ìdárayá, tàbí àwòrán tí a fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí lórí WhatsApp lọ́jọ́ kan náà, JPEG tó. Fún òkè àti odò, ní òwúrọ̀, ní ìrọ̀lẹ́ tàbí nígbà ọyẹ́, ẹ lo raw. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà lè tọ́jú méjèèjì pọ̀. Bí àyè bá wà nínú káàdì, ìyẹn ni ó dára jù.

Ẹ̀yin àbúrò wa tí ẹ ó ya àwòrán àjọ̀dún tí ń bọ̀, ẹ yẹ ètò kámẹ́rà yín wò kí ẹ tó gun òkè. A lè padà sí Olúmọ lọ́la, ṣùgbọ́n ìkùukùu ọjọ́ náà ti lọ.